BÍ A TI Ń FÚN ÀRÙN ỌPỌLỌ LÓRÚKỌ, ÀTI OHUN TÍ ABẸ́ÒKÚTA ÀTI ÌBÀDÀN FI KÚN UN

Ọ̀rọ̀ tí a gbé dání nírọ̀lẹ́ yìí ni ti àrùn ọpọlọ: báwo ni àwọn oníṣègùn ti ń yà á sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, báwo ni wọ́n sì ti ń mọ èyí tí ó ń ṣe ẹni tí ó jókòó níwájú wọn? Bí ibà bá mú ènìyàn, a lè fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, kí a sì rí kòkòrò tí ó fà á. Ṣùgbọ́n fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àrùn ọpọlọ, kò sí ẹ̀jẹ̀ tí a lè yẹ̀ wò kí ó sọ orúkọ àrùn náà fún wa. Ojú tí a fi wo aláìsàn, ọ̀rọ̀ tí a bi í, àti èsì tí ó fọ̀, àwọn ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹni tí kò bá mọ ìbéèrè í bí kò lè mọ àrùn. Ìtàn bí àwọn oníṣègùn ti kọ́ ìbéèrè bíbí ni a fẹ́ sọ, èyí tí ó sì ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ tiwa yìí.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Dáfídì nígbà tí ó sá tọ Ákíṣì ọba Gátì lọ. Ẹ̀rù bà á, ó sì sọ ara rẹ̀ di aṣiwèrè: ó ń ha ilẹ̀kùn, ó sì jẹ́ kí itọ́ máa ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ọba náà wò ó, ó pè é ní aṣiwèrè, kò sì fẹ́ rí i mọ́. Kò bi í léèrè ohun kan. Ojú lásán ni Ákíṣì fi mọ àrùn, ó sì ṣìnà. Ìjọba tí ó wà lórí ilẹ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá ṣe bíi ti Ákíṣì fún ìgbà pípẹ́.

A ti ní ilé àwọn aṣiwèrè ní Kàlàbá ní 1904. Ní 1906 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin nípa àwọn aṣiwèrè fún Gúúsù Nàìjíríà, ti Yábàá ní Èkó sì ṣí ní 1907. Ìbéèrè tí òfin náà ń bi oníṣègùn àti adájọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé orí ẹni yìí pé, àbí kò pé? Ẹni tí ń rìn ní ìhòòhò, tí ń ju òkúta lọ́jà, tí ọlọ́pàá sì mú wá, òun ni òfin ń wá. Irú àrùn tí í ṣe kò kan òfin, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń bẹ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n láàárín àwọn olè. Nígbà tí oníṣègùn Robert Cunyngham Brown rin ilẹ̀ Nàìjíríà já ní 1936 láti wádìí ọ̀ràn náà, ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1938 fi hàn pé ìṣọ́ni ni a ń ṣe nínú àwọn ilé wọ̀nyí, ìwòsàn kò tó nǹkan.

Àwọn baba wa kò dúró lórí orúkọ kan. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà, ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta láti 1957 sí 1959, ó sì lọ jókòó ti àwọn babaláwo àti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ó ń kọ orúkọ àrùn tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀. Wèrè ni ti ẹni tí àrùn náà ti wọ̀ lára pẹ́. Asínwín ni ti ẹni tí ó dédé bẹ̀rẹ̀, tí ń sáré, tí ń pariwo, tí apá ará ilé kò ká. Dìndìnrìn ni ti ẹni tí òye rẹ̀ kò là. Abísínwín ni ti obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wèrè aláṣọ sì ni ti ẹni tí ó ṣì ń wọṣọ, tí ó tilẹ̀ ń lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n tí àwọn tí ó súnmọ́ ọn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gún mọ́. Orúkọ yìí wú wa lórí púpọ̀, nítorí ẹni tí ó sọ ọ́ ti mọ̀ pé aṣọ kò fi ìlera ọpọlọ hàn. Wọ́n ya wárápá sọ́tọ̀. Wọ́n sì ní ọdẹ orí, èyí tí nǹkan ń rìn kiri nínú orí aláìsàn, tí etí rẹ̀ ń hó, tí àyà rẹ̀ ń já, tí kò sì rí oorun sùn.

Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé bí àrùn ti bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ti ń lọ ni wọ́n fi ya asínwín kúrò lára wèrè. Ohun kan náà ni Emil Kraepelin ṣe ní ilẹ̀ Jámánì, nígbà tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1899 pé ọ̀tọ̀ ni wèrè tí ń ba òye jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni èyí tí ń wá tí ń lọ. Èyí àkọ́kọ́ ni Eugen Bleuler ti Switzerland sọ ní schizophrenia lẹ́yìn náà. Orí iṣẹ́ Kraepelin ni gbogbo ìwé ìpín-àrùn òde òní dúró lé. Ní 1904 ó lọ sí erékùṣù Java láti wò ó bóyá àrùn tí òun mọ̀ ní ilé ni ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá ya Abẹ́òkúta, ì bá gbọ́ orúkọ púpọ̀.

Síbẹ̀ a kò ní pọ́n àwọn baba wa kọjá bí ó ti yẹ. Ohun tí aládùúgbò lè rí ni púpọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí ń sọ. Ẹni tí ó jókòó sí ìyẹ̀wù, tí kò jẹun, tí omijé rẹ̀ kò gbẹ, tí ó ń jí ní òru tí ó ń wo àjà títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sí orúkọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń pe àrùn rẹ̀. Ìbànújẹ́ ni a ó pè é, tàbí ìrònú, tàbí kí a ní ọ̀lẹ ni. Ibi àìlórúkọ yìí gan-an ni àwọn àjèjì ti ṣì wá mọ̀.

Ní 1953 Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan tí J. C. Carothers kọ, oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ṣe àbójútó ilé ìwòsàn Mathari ní Nairobi. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àrùn ìrẹ̀wẹ̀sì ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà, àti pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ lo apá iwájú ọpọlọ wa. Èyí ni pé a kò ní òye tí a fi í bànújẹ́ títí dé ibi àrùn! Ẹ jẹ́ kí a bi í bí ó ti ṣe kà á. Àwọn tí a mú wá sí ilé ìwòsàn ni ó kà. Ta ni a sì ń mú wá? Ẹni tí ó ń da ìlú rú. Ọlọ́pàá kì í lọ mú obìnrin tí ń sunkún nínú ilé ọkọ rẹ̀. Oníwàhálà ni Carothers kà, ó sì rò pé aláìsàn ni òun kà.

Ẹni tí ó dá a lóhùn ni Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tí a bí ní 1923, tí ó kàwé ní Baptist Boys' High School kí ó tó lọ kọ́ ìṣègùn ní Birmingham. Ní 1954 ó gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro. Ilé náà kò tíì parí, nítorí náà ó bá àwọn ará abúlé tí ó wà ní àyíká rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Olúkúlùkù aláìsàn mú ìbátan kan wá, ó ń lọ fún ìtọ́jú ní ọ̀sán, ó ń padà sí abúlé ní alẹ́. Òkìkí ètò yìí kàn ká ayé, gbogbo ènìyàn sì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, iṣẹ́ tí ó ṣe tẹ̀ lé e kò kéré sí i.

Ní 1961 òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọ àwọn abúlé Ẹ̀gbá àti apá kan ìlú Abẹ́òkúta. Wọn kò dúró de ẹni tí a ó mú wá. Ilé ni wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n sì rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí ó kó gbogbo àrùn ìrẹ̀wẹ̀sì pọ̀, wọn kò sọ bíi ti Carothers pé bí kò ti sí orúkọ, kò sí àrùn. Wọ́n tú u palẹ̀. Ṣé o ń sùn? Ṣé oúnjẹ ń wù ọ́? Ṣé agbára rẹ ti tán? Ṣé ẹkún ń gbọ̀n ọ́ láìnídìí? Àwọn ènìyàn mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dájú. Ìwé tí ó jáde ní 1963 fi hàn pé àmì ìrẹ̀wẹ̀sì kò ṣọ̀wọ́n rárá láàárín àwọn Yorùbá. Ó tilẹ̀ pọ̀ ju ti ìgbèríko Kánádà tí Leighton ti kọ́kọ́ yẹ̀ wò lọ. Prince bèèrè lẹ́yìn náà, nígbà tí ó rí i pé láti bí òmìnira ti súnmọ́lé ni àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí rí àrùn ìrẹ̀wẹ̀sì púpọ̀ ní Áfíríkà: ṣé àrùn ni ó pọ̀ sí i ni, àbí ojú oníṣègùn ni ó là? Ìbéèrè rere ni.

Prince kan náà ni ó kọ ọ́ ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí orí wọn ń ta, tí nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, tí wọ́n ń ka ìwé tí kò wọlé, tí ojú wọn sì ń ṣú. Brain fag ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é, èyí ni pé ọpọlọ ti rẹ̀ wọ́n. Orúkọ náà wọ ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà tí a ń pè ní DSM ní 1994, nínú àkójọ àwọn àrùn tí ó jẹ́ ti ẹ̀yà kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Oyedeji Ayonrinde tú ìwé àtijọ́ wò, iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 2020 fi hàn pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo orúkọ yìí fún ara wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ṣáájú, fún ẹni tí ó kàwé kàwé tí ó rẹ̀. Ẹrù òyìnbó ni. Ó bá ilé ẹ̀kọ́ wá, a sì wá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ wa ni ó ti hù. Nínú DSM tí ó jáde ní 2013 kò ní ààyè tirẹ̀ mọ́, àfi bí a ti dárúkọ rẹ̀ mọ́ àìsàn ìrònú àpọ̀jù ti àwọn Shona ní Zimbabwe.

Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ wá kàn. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ mọ̀ bóyá schizophrenia tí a ń pè ní London ni a ń pè bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ìlú 9 ni wọ́n yàn: Aarhus, Agra, Cali, London, Moscow, Prague, Taipei, Washington, àti Ìbàdàn. Aláìsàn 1,202 ni wọ́n yẹ̀ wò. Àwọn oníṣègùn gbogbo kò gbọdọ̀ bèèrè ohun tí ó wù wọ́n. Ìwé ìbéèrè kan ni gbogbo wọn lò, èyí tí John Wing àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní London, tí a sì túmọ̀ sí èdè 7, Yorùbá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ kékeré ni ìtumọ̀ yẹn. Bí a bá bi ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa pé, ṣé ẹ máa ń gbọ́ ohùn ẹni tí a kò rí, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa ń bá òun sọ̀rọ̀. Ìyá náà kò sì ní àrùn kankan. Oníṣègùn ní láti bèèrè síwájú: ṣé ohùn náà ń sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru? ṣé àwọn ohùn méjì ń jíròrò nípa yín bí ẹni pé ẹ kò sí níbẹ̀? ṣé ìjọ yín náà kà á sí ohùn Olúwa? Nípa báyìí ni a ń ya ìgbàgbọ́ ẹni kúrò lára àìsàn rẹ̀.

Àbọ̀ iṣẹ́ náà jáde ní 1973 àti ní 1979. Àárín gbùngbùn àrùn náà jọra ní ìlú gbogbo. Ọmọ ènìyàn kan náà ni wá. Ṣùgbọ́n Moscow àti Washington ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní schizophrenia tí àwọn ìlú yòókù kò ní pè bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sì ya ayé lẹ́nu jù ni pé, nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn aláìsàn lẹ́yìn ọdún 2, àwọn ti Ìbàdàn àti Agra ti sàn ju ti àwọn ìlú ọlọ́rọ̀ lọ. Àwọn kan ní nítorí pé ẹbí kò ta aláìsàn nù ni. Àwọn mìíràn ní nítorí pé púpọ̀ nínú wèrè ìhà tiwa ni ó ń dédé bẹ̀rẹ̀ tí ó sì ń dédé lọ. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí àtúnṣe kẹwàá ìwé ìpín-àrùn Àjọ náà, ICD, jáde ní 1992, a ya ààyè ọ̀tọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún wèrè tí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 tí kì í sì í pẹ́. Àwọn baba wa ti ní asínwín tipẹ́.

Láti 1980 wá ni DSM ti ń ka àmì àti ọjọ́ bí ẹni ka owó. Kí a tó pe ìrẹ̀wẹ̀sì ní àrùn, ó ní láti tó ọ̀sẹ̀ 2. Schizophrenia ní láti tó oṣù kan nínú ICD, oṣù 6 nínú DSM. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ó dí ẹnu ẹni tí ń fi ojú lásán dájọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé oníṣègùn tí ó yára lè ka àmì tán láìgbọ́ ìtàn aláìsàn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó gba Àjọ náà nímọ̀ràn lórí àtúnṣe kọkànlá ICD, tí a ń lò láti 2022. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tí ó ṣe apá tí ó jẹ mọ́ ìpọ́njú tí ń gba ara jáde, àwọn aláìsàn tí ń sọ pé orí ń gbóná tàbí pé ara ń ta. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tẹ àbọ̀ ìwádìí ilé-dé-ilé jáde ní 2006: nǹkan bí ènìyàn 12 nínú 100 ni ó ti ní àrùn ọpọlọ kan rí ní ayé rẹ̀, àwọn olùwádìí náà sì ní ó ṣeé ṣe kí iye náà kéré sí òtítọ́, nítorí àwọn ènìyàn ń fi í pamọ́. Díẹ̀ péré nínú àwọn tí ó ń ṣàìsàn ni ó rí ìtọ́jú. Àwa tí a ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn ní yàrá àlùfáà mọ ìdí rẹ̀. A ti sọ fún wọn pé ọ̀lẹ ni wọ́n, tàbí pé wọn kò gbàdúrà tó, tàbí pé ayé ni ó ń ṣe wọ́n; orúkọ kan ti wà lára wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn rárá.

Ti òfin pẹ́ jù gbogbo rẹ̀ lọ. Títí di oṣù January 2023, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, òfin àwọn aṣiwèrè ti 1958, ọmọ bíbí inú ti 1906, ni ó wà ní ipò rẹ̀ ní Nàìjíríà.