Ẹsẹ̀ Mọ Bọ́ọ̀lù, Ọ̀nà Ni Kò Sí

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ẹ̀bùn nìkan ló ń sọ ọmọ di agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó, ìtàn John Moriarty ni màá fi dá a lóhùn.

Ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà ni. Borroloola, lápá àríwá, ni wọ́n bí i sí. Kò ju bí ọmọ ọdún mẹ́rin lọ tí ìjọba fi gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Adelaide, níbi tó dàgbà sí, ni bọ́ọ̀lù ti gbé e jáde. Ní 1960, òun ni ọmọ ìbílẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn fún ikọ̀ Ọsirélíà. Ṣé ó wá gbá a? Rárá o! FIFA ti fòfin de orílẹ̀-èdè náà. Bó bá sì fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìpínlẹ̀ mìíràn, àfi kó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba.

Ní 2012, Moriarty padà sí Borroloola, ó dá ètò bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ibẹ̀. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ lílọ sílé ìwé. Ọmọ tó bá dáńgájíá, wọ́n á fún un ní sikọ́láṣíìpù. Ọ̀nà yìí ni Shadeene Evans, ọmọbìnrin Borroloola, gbà dé Sydney FC.

Èmi ò rò pé ọmọ 2012 gbọ́n ju ọmọ 1960 lọ. Ẹnìkan ló la ọ̀nà fún un.