Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Jack Johnson àti Àwọn Ayàwòrán Ẹ̀fẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ni ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ń rán lọ síbi ìjà pẹ̀lú akọ̀ròyìn eré ìdárayá. Ọ̀kan ń kọ, èkejì ń yà, ojú-ìwé kan náà ni iṣẹ́ wọn ń bọ́ sí. Robert Edgren ti New York Evening World tilẹ̀ ń ṣe méjèèjì. Ojú-ìwé eré ìdárayá San Francisco Chronicle náà ni Bud Fisher ti bẹ̀rẹ̀ àwòrán A. Mutt, onítẹ́tẹ́ ẹṣin, ní 1907.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè gbàgbé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi Jack Johnson ṣe. Ní ìparí ọdún 1908, ní Sydney, Johnson gba ipò lọ́wọ́ Tommy Burns. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá àgbáyé láàárín àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó wúwo jù. Jack London, tó kọ ìròyìn ìjà náà fún New York Herald, ké sí Jim Jeffries, òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì láti 1905, pé kó fi oko rẹ̀ sílẹ̀ kó wá nu ẹ̀rín kúrò lójú Johnson. Àwọn ayàwòrán gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn akọ̀ròyìn: wọ́n ya Jeffries bí akọni, wọ́n ya Johnson bí ọ̀bọ.

Ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1910, London, Tad Dorgan àti Rube Goldberg wà ní Reno, níbi tí Johnson ti lu Jeffries bolẹ̀ ní abala 15. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pa ènìyàn dúdú ní ìlú púpọ̀.

Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Àfojúbà wà: wọ́n ya ìjà náà sí sinimá. Ọ̀pọ̀ ìlú kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n fi hàn. Nígbà tó di 1912, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé sinimá ìjà ẹ̀ṣẹ́ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Àwòrán tó purọ́ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò fòfin dè é.

Bí mo bá rí àwòrán tó ń fi ẹ̀yà kan ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn eré ìdárayá lónìí, orúkọ ẹni tó kọ ìròyìn ni mo ń wá pẹ̀lú ti ẹni tó yà á. Àwọn méjèèjì ló ni ín.