Ẹ̀gùn, ìran àti obì: ta ló ń bá wa yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wò?

Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, kò dìgbà téèyàn bá dé ojúbọ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ó lè bá a pàdé lọ́jà, lójúde ilé, àní lẹ́yìn zémidjan. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ láàárín wa.

Ẹ̀gùn. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ máa ń sọ pé òrìṣà gun èèyàn, bí ẹni gun ẹṣin. Ẹni tí òrìṣà ń gùn là ń pè ní ẹlẹ́gùn. Wọ́n ti ṣe orò fún un kó tó dé ipò yẹn. Bó bá ń sọ̀rọ̀, àwọn àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n sì ń túmọ̀ ohun tó sọ. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé àṣà yìí dé Brazil, níbi tí ẹ̀ka Candomblé kan ṣì ń jẹ́ Ketu títí dòní.

Ìran. Samuel Oshoffa, káfíńtà ará Àjàṣẹ́, ló dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní 1947. Níbẹ̀, ẹ̀mí máa ń gbé àwọn wòlíì, wọ́n á sì ríran sí èèyàn. Ẹlòmíràn sábà máa ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí wọ́n lè tún un wò.

Obì. Èyí kò nílò pé kí ẹ̀mí gbé ẹnikẹ́ni. Obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin, akọ méjì, abo méjì: baálé lè dà á fúnra rẹ̀. Bí méjì bá ṣí, tí méjì dojú délẹ̀, ó yàn nìyẹn. Gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀ ló fojú ara rẹ̀ rí i.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ló ń sọ ọ̀rọ̀, tó ń túmọ̀ rẹ̀, tó tún ń gbowó rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀.

Nítorí náà, bí àlejò kan bá dá yín dúró lọ́jà, tó lóun rí ikú lórí ọmọ yín, tó ní kẹ́ ẹ mú 20.000 sẹ́fà wá kíákíá, kẹ́ ẹ má sì sọ fẹ́nì kankan, ẹ fura o. Ẹ má sanwó lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún àgbà kan nínú ẹbí. Bí ara ọmọ kò bá yá, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá sì ti gbowó lọ, ẹ má tijú, ẹ lọ fẹjọ́ sùn ní kọmísáríà.