Àlejò Inú Bùráúsà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má rò pé àìpẹ́ yìí ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá àlejò tí wọn kò pè fa wàhálà nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà ti lé ní ogún ọdún dáadáa.

Bùráúsà ni ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ Chrome, Opera, Firefox tàbí Edge. Láti ọdún 2023 ni àwọn tó ń ṣe wọ́n ti ń ki ẹ̀rọ AI tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bọ inú wọn. Èmi ń pè é ní ẹ̀rọ ẹlẹ́nu. O ń kàwé lọ́wọ́, á ní kí òun bá ọ kà á kí òun sọ kókó rẹ̀ fún ọ. O fẹ́ kọ lẹ́tà, á ní kí òun bá ọ kọ ọ́. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ pọ̀. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ náà pọ̀, àwọn kan sì ń wò wọ́n bí ará oko. Tìtorí àwọn yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, Clippy. Nínú Office 97, Microsoft fi àwòrán irin kékeré tí a fi ń so pépà pọ̀ síbẹ̀, wọ́n ya ojú ńlá méjì sí i lórí. Bí o bá ti tẹ ìkíni ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà báyìí, fìrì, ó ti yọ: ó jọ pé lẹ́tà lò ń kọ, ṣé kí òun ràn ọ́ lọ́wọ́? Lẹ́ẹ̀kan, ó pani lẹ́rìn-ín. Nígbà ogún, kò pani lẹ́rìn-ín mọ́ o. Àwọn tó ń lò ó ráhùn títí, wọ́n sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Ní 2001, nígbà tí Office XP jáde, Microsoft fúnra rẹ̀ pa á, àfi ẹni tó bá lọ tan án; wọ́n tilẹ̀ fi Clippy ṣe ẹlẹ́yà nínú ìpolówó ọjà wọn. Nígbà tí Office 2007 dé, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò pátápátá. Àwọn kan máa ń sọ pé àìgbọ́n ló pa Clippy. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ká ní ó gbọ́n bí ọ̀mọ̀wé, ta ló fẹ́ ẹni tó ń yọjú wo ìwé rẹ̀ láti ẹ̀yìn èjìká?

Bùráúsà gan-an ti jẹ́ àlejò àfipáwọlé rí. Ní 1995, Microsoft gbé Internet Explorer jáde, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi so ó mọ́ Windows, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ra kọ̀ǹpútà ti gbà á ná, bó fẹ́ bó kọ̀. Netscape tó wà ṣáájú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ìjọba Amẹ́ríkà gbé Microsoft lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù Karùn-ún 1998. Adájọ́ ní kí wọ́n pín ilé-iṣẹ́ náà sí méjì ní 2000; ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé pípín yẹn ní 2001, àmọ́ ó gbà pé Microsoft ti fi ọ̀nà àìtọ́ jẹ gàba. Netscape ní tirẹ̀ tú iṣẹ́ inú bùráúsà rẹ̀ síta fún gbogbo ayé ní 1998. Ibẹ̀ ni Mozilla ti jáde, Firefox sì dé ní oṣù Kọkànlá 2004. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ọ̀pọ̀ ẹni tó sá fún àfipáṣe ló kó lọ sílé Firefox.

ChatGPT dé ní ìparí 2022, ni eré sísá bá bẹ̀rẹ̀. Microsoft fi tirẹ̀ sínú Edge ní oṣù Kejì 2023. Opera, tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa fi Mini rẹ̀ ṣọ́ dátà lò lórí fóònù oníbọ́tìnì, gbé Aria wọlé lọ́dún kan náà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Google bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gemini sínú Chrome fún àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n ilé Firefox ni iná ti ràn jù. Ní oṣù Kọkànlá 2025, Mozilla kéde ohun tí wọ́n pè ní AI Window. Kíá ni àwọn tó ń lo Firefox ti ń dáhùn pé àwọn ò fẹ́. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ọ̀gá àgbà tuntun, Anthony Enzor-DeMeo, ní Firefox yóò di bùráúsà AI ti òde òní. Ha! Ariwo sọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Mozilla ti ń ṣèlérí ibi tí ènìyàn lè tẹ̀ tí gbogbo AI yóò fi kú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n mú un ṣẹ nínú Firefox 148, ní oṣù Kejì 2026.

Ẹ wo ohun tí wọ́n bèèrè ná. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní kí wọ́n fòfin de AI. Wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ibi tí àwọn á ti pa á, kó sì wà ní pípa títí ẹni tó fẹ́ ẹ yóò fi tan án. Wọ́n rí àkọ́kọ́ gbà. Lórí èkejì, Mozilla ní bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí, àmọ́ iyàn ò tán níbẹ̀: bọ́tìnì AI tuntun tó dédé yọ lókè bùráúsà rẹ, ṣé ìwọ lo pè é àbí o ò pè é? Lójú tèmi, bí mo bá jí tí mo bá ènìyàn lórí àga ní pálọ̀ mi, àǹfààní pé mo lè lé e jáde dára, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di ẹni tí mo pè.

Jon von Tetzchner, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Opera sílẹ̀, tó wà nídìí Vivaldi báyìí, kọ̀ jálẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2025: Vivaldi ò ní fi ẹ̀rọ ẹlẹ́nu sínú bùráúsà títí ọ̀nà tó dára jù yóò fi wà. Ìdí tó mú wá ni pé ó ń sọ ẹni tó ń ṣàwárí di òǹwòran lásán. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ èmi akéwì lára. Ẹ fún ẹ̀rọ ní oríkì ìdílé kan kó sọ kókó rẹ̀. Á ní wọ́n ń yin ìdílé náà. Òótọ́ ni o. Kí ló wá kù?

Lóṣù Kẹjọ yẹn kan náà, àwọn ará Brave (àwọn náà ní ẹ̀rọ ẹlẹ́nu tiwọn o, kí n má purọ́) fi hàn pé nínú Comet, bùráúsà Perplexity, ẹnìkan lè fi àṣẹ pamọ́ sójú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwọ ò ní rí i, ẹ̀rọ á sì máa ṣe é bí ẹni pé ìwọ lo rán an. Kò mọ ohùn ọ̀gá rẹ̀ yàtọ̀ sí ohùn ẹni tó ń kọjá lọ. Irú ọmọ ọ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò fún un ní kọ́kọ́rọ́ àpótí owó?

Clippy ńkọ́? Ní oṣù Kẹwàá 2025, Microsoft fún Copilot, ẹ̀rọ ẹlẹ́nu wọn, ní ojú àti àwọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Mico. Ẹni tó bá tẹ Mico léraléra á rí i tí yóò yí padà di irin ìso-pépà olójú méjì.