Ẹ̀sọ̀ la fi ń mú fáíbà

“Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé sùúrù nìkan ni òwe yìí ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n kò bu ẹnu àtẹ́ lu agbára. Ohun tó ń bi wá ni pé, níbo ni agbára ti wúlò, níbo sì ni ẹ̀sọ̀ ti ṣe pàtàkì? Ẹni tó fẹ́ ra okùn fáíbà fún abẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè yìí kó tó náwó.

Ẹ jẹ́ ká mú Mpape wò, ìlú orí òkè tó wà lẹ́yìn Maitama l'Abuja. Àpáta ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ti ń fọ́ òkúta ìkọ́lé níbẹ̀ tipẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ilẹ̀ ibẹ̀ mì tìtì. Ẹni tó bá rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ á ní okùn tí wọ́n fi irin wé ni òun fẹ́. Kò jẹ̀bi, bó bá jẹ́ pé inú erùpẹ̀ lásán ni okùn náà yóò sùn, níbi tí òkúta àti eyín eku ti lè kàn án. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ri páìpù mọ́lẹ̀, páìpù ti gba iṣẹ́ ààbò ṣe. Irin ara okùn wá di ẹrù: ó ń mú okùn wúwo, kì í jẹ́ kó tẹ̀ bọ̀rọ̀ níbi kọ́nà, a sì gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ilẹ̀ nítorí ààrá. Okùn tí kò ní irin rárá ló bá páìpù mu.

Gíláàsì inú okùn náà ńkọ́? Oríṣi méjì ló wà, multimode àti single-mode. Nínú multimode, ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ fẹ̀ tó máíkírọ́nì 50. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ọ̀nà púpọ̀ níbẹ̀, kì í sì í dé lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ tí a rán an á wá dàrú. Bí a bá ń fi gígábíìtì 10 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, irú multimode tí wọ́n ń pè ní OM4 kì í ju nǹkan bíi mítà 400 lọ. Ti single-mode kò ju máíkírọ́nì 9 lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà fún ìmọ́lẹ̀. Ní ìgbì 1550 nánómítà, ó lè rin nǹkan bíi kìlómítà 15 kó tó dín sí ìdajì. Charles Kao ló sọ ní 1966 pé ìdọ̀tí inú gíláàsì ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì; ní 2009 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Single-mode tí wọ́n ń pè ní G.652.D ni ẹ ó béèrè fún ojú ọ̀nà gbọọrọ. Níbi tí okùn ti máa ń ká púpọ̀, ẹ béèrè G.657.A1.

Ìgbà tí a bá ń fà á wọlé ni okùn máa ń rí ìyà jù. Púpọ̀ nínú wọn kò gbọdọ̀ gba ìfà tó ju 2,700 newton lọ, ìyẹn bí ìwúwo kílò 275. Eegun inú rẹ̀ ni kí ẹ so ìfà mọ́, kì í ṣe èèpo. Bí okùn bá nípọn tó mílímítà 12, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdajì ìbú àyíká ibi tó ti tẹ̀ kéré ju sẹ̀ǹtímítà 24 lọ nígbà tí ẹ bá ń fà á. Fífi atẹ́gùn fẹ́ ẹ wọlé tún dára jù, nítorí atẹ́gùn ń tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Omi kì í pẹ́ wọ páìpù, nítorí náà ẹ rí i pé okùn náà ní ohun tó ń dínà omi nínú.

Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè ni fáíbà jẹ́. Àmọ́ katapílà tó ń ṣe títì kì í ka àṣẹ. Owó irin tí ẹ kò rà, ẹ fi wa àpáta jìn sí i.