Oògùn Olóró àti Ọ̀rẹ́ Ṣíṣe ní Òde Ijó New York, 1978–1998

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ogún ọdún ni ìtàn tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, ìtàn àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń fẹ́ ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn ní New York, àti oògùn olóró tí wọ́n jọ ń lò ní òde ijó. Ìbéèrè wa ni èyí: nínú ẹni tí ń bá ni pín oògùn àti ẹni tí ń kìlọ̀ fún ni, ta ni ọ̀rẹ́?

Kí 1969 tó dé, àwọn ọlọ́pàá a máa ya wọ ilé ọtí tí irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ti ń pàdé, wọn a sì kó wọn lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn tí wọ́n bá ní Stonewall Inn kọ̀ jálẹ̀, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ilé ijó wọn ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹbí ti kọ̀ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n sọ di ẹbí. Ijó àjómọ́jú ni wọ́n ń jó, oògùn ni wọ́n sì fi ń gbé ara ró: kokéènì, àti poppers tí wọ́n ń fà símú láti inú ìgò kékeré. Bí a ti ń pín obì fún àlejò ni wọ́n ń pín in fún ara wọn.

Ní 1978, Larry Kramer, tí òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kọ ìwé ìtàn àròsọ kan tí ó fi bẹnu àtẹ́ lu ìgbé ayé yìí. Ọ̀pọ̀ ojúlùmọ̀ rẹ̀ kẹ̀yìn sí i.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, 1981, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìròyìn àìsàn àjèjì kan jáde, èyí tí ó kọlu ọkùnrin 5 ní Los Angeles. Nítorí pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń fa poppers, àwọn onímọ̀ kan kọ́kọ́ fura sí i. Ní 1983 ni àwọn onímọ̀ ní Paris rí kòkòrò àìfojúrí tí a wá mọ̀ sí HIV. Àrùn éèdì pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń jó ní The Saint, ilé ijó ńlá tí wọ́n ṣí ní 1980, débi pé àwọn kan ń fi orúkọ ilé náà pe àrùn náà. Ní 1988, wọ́n ti ilé náà pa.

Ìgbà ìpọ́njú yìí ni ọ̀rẹ́ hàn. Ní oṣù kìíní 1982, nínú ilé Kramer kan náà, ọkùnrin mẹ́fà dá ẹgbẹ́ Gay Men's Health Crisis sílẹ̀. Òǹkọ̀wé Edmund White wà lára wọn. Nígbà tí ẹ̀rù ń mú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kan gbé oúnjẹ aláìsàn sẹ́nu ọ̀nà, àwọn tí ẹgbẹ́ yìí rán jáde ń wọlé tọ aláìsàn lọ, wọ́n ń dáná, wọ́n ń tún ilé ṣe, wọ́n ń sìn ín lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ṣùgbọ́n owó ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ní 1983, àríyá kan tí wọ́n ń pè ní Morning Party bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Fire Island láti fi kówó jọ fún ẹgbẹ́ náà. Ó gbòòrò títí ó fi ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ, oògùn sì ń bá a gbòòrò. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni GHB, omi tí kò ní àwọ̀. Èyí tí ń múnú dùn kò jìnnà sí èyí tí ń pani. Bí ọtí bá kún un, èémí lè dáwọ́ dúró. Ẹni tí ń kú lọ a dàbí ẹni tí ó sùn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ó sùn. Ní òpin ọ̀sẹ̀ àríyá ti 1998, GHB pa ọkùnrin kan. Ẹgbẹ́ náà pa àríyá náà tì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ńlá ló ń ti ibẹ̀ wọlé.

Ẹni tí ó bá ní oògùn nìkan ló so àwọn ènìyàn wọ̀nyí pọ̀ kò rí àwọn tí wọ́n tọ́jú aláìsàn títí ikú fi dé. Ẹni tí ó bá sì ní oògùn kò ba ọ̀rẹ́ wọn jẹ́ kò rí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ pé ó sùn. Ní ti ìbéèrè wa, àwọn tí wọ́n pe Kramer ní ọ̀tá ní 1978 rí ìdáhùn ní ilé rẹ̀ ní 1982.