Eyín Ìgbín Òkun Conus àti Ọgbọ́n Ìṣọdẹ Wọn

Láti 1856 tí F. H. Troschel ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí eyín ìgbín jáde ní Jámánì ni àwọn onímọ̀ ti ń fi eyín ya ẹbí ìgbín kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Nínú ẹbí Conus, tí ẹ̀yà rẹ̀ ju 700 lọ, wọ́n tún ń fi eyín mọ oúnjẹ: ekòló òkun, ìgbín ẹlẹgbẹ́ wọn, tàbí ẹja. Ìyẹn dára, àmọ́ kò tó. Bí a bá kó eyín àwọn ẹ̀yà tó bára tan jọ, bí wọ́n ṣe ń dọdẹ ló hàn níbẹ̀ ju ohun tí wọ́n ń pa jẹ lọ.

Ọ̀pọ̀ ìgbín ló ní rádúlà, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí eyín wẹ́wẹ́ tò lé lórí, tí wọ́n fi ń ha oúnjẹ lára àpáta. Conus kì í ha nǹkan. Inú àpò kan ni eyín rẹ̀ wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń jáde síṣẹ́. Bí a bá fi kẹ́míkà yọ ẹran ara kúrò, tí a gbé eyín kan sábẹ́ máíkírósíkóòpù, pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la ó rí, tó ká jọ bí ẹní, tí ihò sì là á já láti ìdí dé ṣóńṣó. Ihò yẹn ni oró ń gbà wọ ara ẹran.

Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹ ekòló, eyín kúrú, ó ní ìbàdí, ṣóńṣó wẹ́wẹ́ sì tò sí etí rẹ̀. Ti Conus (C.) textile àti C. marmoreus, tí ń pa ìgbín jẹ, gùn, ó sì tín-ín-rín. Àwọn wọ̀nyí lè ta ẹran kan lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n sì fi eyín náà sílẹ̀ lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn apẹja ló gba àròjinlẹ̀ jù. Ṣóńṣó eyín C. striatus ní ìwọ̀ ńlá tó tẹ̀ sẹ́yìn. Ìgbín náà kì í jọ̀wọ́ ìdí eyín. Bó bá ti ta ẹja, ó dì í mú ṣinṣin títí yóò fi fà á wọ ẹnu. C. geographus, tí oró rẹ̀ ti pa ènìyàn rí, ń pa ẹja bákan náà, àmọ́ ó máa ń la ẹnu gbàgà bo ẹja mọ́lẹ̀ kó tó ta á. Kò nílò ohun tí yóò fi fa ẹja, ìwọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ kò sì sí lẹ́nu eyín rẹ̀. Oúnjẹ kan náà, eyín ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìbátan náà ní ipa tirẹ̀. C. ermineus, tó wà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí dé Brazil, àti C. purpurascens ti òkun Pàsífíìkì ní Amẹ́ríkà, jọ ń fi ìwọ̀ mú ẹja. Ilẹ̀ Panama ti pín òkun wọn níyà tipẹ́, síbẹ̀ eyín wọn ṣì jọra gan-an.

Àwọn onímọ̀ Kohn, Nishi àti Pernet fi ìlànà wíwọn eyín lélẹ̀ ní 1999, mo sì gbà pé òun ló yẹ ká máa tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí gbọ́dọ̀ wọ inú ìwọ̀n náà. Nybakken àti Perron fi hàn ní 1988 pé ọmọ C. magus ń jẹ ekòló, eyín rẹ̀ sì jọ ti ajẹkòló; bó ti ń dàgbà tó ń yí sí ẹja ni eyín náà ń pààrọ̀. Àpilẹ̀kọ tó bá ya eyín láìsọ bí ìkarawun ìgbín náà ṣe gùn tó lè pe ọmọ àti ìyá ní ẹ̀yà méjì.